Òkúta Tó Ń Bọ̀ Lọ́wọ́ Dírẹ́bà

Olómi mi,

Báwo ni gbogbo nǹkan? Ṣé ara ń dá ṣáṣá? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé nínú ilé alájà mẹ́rin yẹn kì í yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá kò ní yọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ. Ibi tí o bá ti kan ilẹ̀kùn, ẹni rere ni yóò ṣí i fún ọ. O ò ní ṣàárẹ̀, o ò ní pàdánù, ẹni tó fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́ kò ní gbàgbé orúkọ rẹ. Ṣe àmín sókè níbi tí o ti ń kà á. Mo mọ̀ pé mi ò lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ṣe é.

Ara èmi náà le, a dúpẹ́, bí a bá yọ ti ikọ́ yìí kúrò. Má bínú sí ìwé ọwọ́ mi, pẹ́ńsù tí mo fi ń sàmì sí pákó ni mo fi ń kọ ọ́, ó sì ti kúrú gan-an. Onígbàjámọ̀ ojúlé kejì ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù bí àwọn èèyàn yòókù. Mo ní kò kàn án. Ìwọ náà mọ̀ pé fóònù mi yìí kì í pa àṣírí mọ́, tí o bá ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbogbo ẹni tó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ló máa dá sí i. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, tí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, èmi á máa wúkọ́, ìwọ á máa sunkún, a ò sì ní sọ nǹkan kan. Lẹ́tà ló dára, kì í já mọ́ni lẹ́nu.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Férémù ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, èyí tí mo máa ń fi ọ̀bẹ sàmì sí lọ́dọọdún láti mọ bí o ṣe ga sí i, ikán fẹ́ débẹ̀, mo ti da oògùn sí i. Onígbàjámọ̀ ní kí n yọ ọ́ dànù kí n fi tuntun sí i, pé káfíńtà tí férémù ilé rẹ̀ wọ́ ń ba ara rẹ̀ lórúkọ jẹ́. Mo ní kó máa gé irun rẹ̀ lọ. Àmì mẹ́rìnlá ló wà lára férémù yẹn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kò ga ju tábìlì iṣẹ́ mi lọ, mo ṣì máa ń fọwọ́ kàn án tí mo bá ń kọjá lọ sùn.

Wàá rántí pé nígbà tí o wá kẹ́yìn, o ní ikọ́ mi kò dùn létí rẹ, pé kí n lọ sí ọsibítù. Mo lọ o. Níbi tí a ti ń dúró de dókítà, bẹ́ǹṣì tí wọ́n ní ká jókòó lé ń mì jìgìjìgì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti fẹ́ yọ. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo wo bí wọ́n ṣe kàn án, inú bí mi. Ìṣó lásán ni ẹni náà kàn mọ́ ọn, kò fi pákó bọ inú pákó rárá. Mo padà sílé lọ gbé òòlù àti gọ́ọ̀mù wá, mo tún un ṣe. Nígbà tí màá fi parí, wọ́n ti pe orúkọ mi kọjá, nọ́ọ̀sì sì ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì. Kò dùn mí rárá. Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó dúró.

Wọ́n wá ní àwọn fẹ́ ya àwòrán àyà mi. Aṣọ iṣẹ́ ni mo wọ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Mo tọrọ àyè, mo sáré lọ sílé, mo fá irùngbọ̀n, mo wọ aṣọ funfun tí o rà fún mi, mo dé fìlà. Ẹni tó ń ya àwòrán ní kí n bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo bọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín músẹ́ kí àwòrán náà lè dára, torí mo ní màá fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọ. Nígbà tó jáde, Olómi, kò sí orí níbẹ̀, kò sí ẹ̀rín, egungun lásán ni, pẹ̀lú nǹkan funfun kan lápá ọ̀tún bí ẹni pé wọ́n da gọ́ọ̀mù sí i. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n tún un yà, pé èyí kò jọ mí. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè ju tìrẹ lọ, ó wá jókòó tì mí, ó ní nǹkan funfun yẹn ni àwọn gbọ́dọ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn kan yọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí i. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, kò gùn tó èékánná ọwọ́ mi, wọ́n wá fi í sínú ìgò kékeré kan tí omi olóòórùn wà nínú rẹ̀. Mo wò ó títí. Mo bi nọ́ọ̀sì pé ṣé èmi nìyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, ẹ̀yin ni. Wọ́n ní ọsibítù wa níbí kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, pé ilé àyẹ̀wò ńlá tó wà ní ìlú tí o wà ni àwọn máa gbé e lọ. Bí mo ṣe dé ìlú ńlá nìyẹn o, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí o ti ń bẹ̀ mí pé kí n wá, tí mo ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti wà níbẹ̀ nínú ìgò, o ò sì mọ̀.

Mo lọ bá dírẹ́bà tó fẹ́ gbé e. Mo ní kó rọra sáré, kó yẹra fún kòtò, pé èmi ló gbé yẹn, èébì sì máa ń gbé mi nínú mọ́tò. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ìgbà náà ni mo wá rántí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni mo bá dírẹ́bà tó gbé ìwọ lọ sọ, lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ lọ sí ìlú ńlá, pẹ̀lú àpótí tí mo kàn fún ọ lórí ẹsẹ̀ rẹ. Mo di fèrèsé mọ́tò mú títí ó fi gbéra, ìyá rẹ ló yọ ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀. Ó dùn mí bákan náà lọ́jọ́ tí ìgò yẹn lọ.

Kí n tó gbàgbé, àwọn tó ń kọ nǹkan sára ìgò béèrè orúkọ mi, mo ní Bàbá Olómi. Wọ́n ní èyí tó wà nínú ìwé. Mo ní ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí ẹnikẹ́ni ti pè mí ní ti inú ìwé, tí wọ́n bá pè é ní ìlú ńlá, ó lè má dáhùn. Wọ́n jà, wọ́n jà, wọ́n kọ méjèèjì. Nítorí náà, tí o bá dé ibẹ̀ tí o rí ìgò kan tí orúkọ rẹ wà lára rẹ̀, má bẹ̀rù, èmi ni.

Ó dáa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, dókítà pè mí, ó ní àwọn ti mọ ohun tó jẹ́. Jẹjẹrẹ ni, inú ẹ̀dọ̀fóró. Má tíì sunkún, kà á dé ìsàlẹ̀ ná. Ó ní irú tèmi ṣọ̀wọ́n gan-an, pé nínú ẹgbẹ̀rún èèyàn tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró, bóyá ni àwọn fi lè rí ẹnì kan. Mo ní ó jọ mí, èmi náà kì í kan irú àga tí ẹlòmíràn ti kàn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún mi, mo sì gbádùn ìyẹn. Wọ́n á ri ẹran ara náà sínú ìda bíi ti àbẹ́là, tí ìda bá dì, wọ́n á fi abẹ gé e ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, á fẹ́lẹ́ débi pé èémí ẹnu lè gbé e lọ. Wọ́n á rẹ ẹ́ láró kí ojú lè rí i, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Mo ní iṣẹ́ ìfági ni wọ́n ń ṣe yẹn, mo mọ̀ ọ́n.

Èyí tó bá kù, ó ní ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n máa ń kà bí ìwé. Ó ní inú ara gbogbo èèyàn ni ìwé náà wà, ìdajì rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá, àti pé wọ́n ṣi ibì kan kọ nínú tèmi, ibẹ̀ ni àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá rí ibi tí wọ́n ṣì kọ yẹn, ó ṣeé ṣe kí oògùn oníhóró kan wà fún un, kí n máa gbé ẹyọ kan mì láràárọ̀, kí n sì máa ṣe iṣẹ́ mi lọ. Tí wọn ò bá rí i, kò sí oògùn yẹn fún mi. Bó ṣe rí nìyẹn, mi ò fi nǹkan kan pamọ́ fún ọ.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe o. Ó ní nígbà tí wọ́n ń gé e lákọ̀ọ́kọ́, apá kan ya mọ́ wọn lọ́wọ́. Ohun tó kù kò tó nǹkan, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gé e, wọn ò sì fẹ́ tún gún mi torí àyà mi kò lè gbà á. Ó ya! Kí ó tó parí ọ̀rọ̀ ni mo ti mọ ohun tó fà á. Abẹ wọn ò mú ni, kí ló tún máa ń ya nǹkan? Mo ní ta ló ń bá wọn pọ́n ọn. Dókítà ní wọn kì í pọ́n ọn, pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò ó, wọ́n á sì jù ú nù. Wọ́n á jù ú nù! Mo ní kó tún un sọ. Èmi tí mo lo abẹ ìfági kan ṣoṣo fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹni tó ń ju abẹ nù, báwo ló ṣe máa mọ ìgbà tó mú?

Ìdí nìyí tí dírẹ́bà tí mo fi lẹ́tà yìí rán fi ń gbé òkúta bọ̀ wá fún ọ. Òkúta tí mo fi ń pọ́n abẹ ni, èyí tí ọ̀gá mi fún mi lọ́jọ́ tí mo kọ́ṣẹ́ parí. Aṣọ ìyá rẹ àtijọ́ ni mo fi wé e. Gbé e lọ fún ẹni tó ń gé ẹran ara mi, kí o kí i dáadáa, kí o sọ fún un pé kì í ṣe pé mo ń fi iṣẹ́ rẹ̀ wọ́lẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ ni èmi náà. Kó fi ojú òkúta tó le pọ́n abẹ ṣáájú, kó wá fi ojú tó dán parí rẹ̀. Kó máa fà á wá sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, kó má tì í. Tó bá ti lè fá irun ọwọ́ rẹ̀, ó ti mú tó fún mi.

Ìwọ lo ni òkúta yẹn jù mí lọ. Mi ò mọ̀ bóyá o rántí. Ìyá rẹ gbé àpótí kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tí ọmọrí rẹ̀ ti já, ìwọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, o di etí aṣọ rẹ̀ mú. Mo ń pọ́n abẹ lọ́wọ́, mo bu omi fún ọ sínú ife pé kí o mu. O ò mu ún. O rìn wá, o da gbogbo rẹ̀ sórí òkúta. O ní ó ń kígbe, òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ìyá rẹ gbọ́wọ́ sókè láti nà ọ́, mo ní kó fi ọ́ sílẹ̀. Òróró ni mo ti ń dà sórí òkúta yẹn látilẹ̀, láti ọjọ́ náà omi ni. Àpótí tó yẹ kí n fi ìdajì ọjọ́ tún ṣe, mo fi ọjọ́ mọ́kànlá tún un ṣe, kí ẹ lè máa padà wá béèrè rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni o ń wá bu omi fún òkúta. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó mọ ìyá rẹ.

Mo ti dé ibi tí mo ti ń yẹra fún láti òkè lẹ́tà yìí, jẹ́ kí n wọ̀ ọ́.

Kí wọ́n tó gún mi, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kan. Ó béèrè ọmọ mélòó ni mo bí. Mo kọ ọ̀kan síbẹ̀, mo kọ orúkọ rẹ àti nọ́ńbà rẹ, mo tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ débi pé ó hàn lójú ewé kejì. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wàá rántí oníbàárà tó la ẹnu sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù pé ọmọ tí ìyàwó gbé wá ni ọ́. Àga rẹ̀ tí mo ti kàn parí, mo fi ayùn gé e sí méjì lójú rẹ̀, mo da owó rẹ̀ padà sí i lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ mọ́ ládùúgbò. Èmi àti ìyá rẹ pàápàá kò sọ ọ́ rí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́, ìwọ lo gbá èérún àga yẹn dànù, o ò sì béèrè nǹkan kan.

Dókítà wá pè mí lórí fóònù, ó ní irú àìsàn tèmi yìí, nígbà mìíràn wọ́n máa ń bí àṣìkọ náà mọ́ èèyàn ni, ọmọ ẹni sì lè gbà á. Ó ní òun ti pè ọ́, òun ò tíì dárúkọ àìsàn náà fún ọ, pé kí o wá sí ilé àyẹ̀wò yẹn lọ́jọ́ Ajé kan náà, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ, kí wọ́n ka tìrẹ mọ́ tèmi. Ó ní o ní wàá wá. Ó ní o tiẹ̀ sọ fún òun pé ìyá mi náà wúkọ́ títí ó fi kú. Olómi! Ibà ló pa ìyá mi, o ò sì tíì mọ ilé wa nígbà yẹn. Níbo lo ti rí ikọ́?

Mo gbé fóònù sílẹ̀, inú mi dùn, mi ò lè purọ́ fún ọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin kì í ṣe ìkókó. O mọ ọjọ́ tí o wọ ilé mi, o mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi kò sí lára rẹ, síbẹ̀ o ní wàá wá, o tún fi ikọ́ kún un. Ìwọ náà ò fẹ́ sọ ọ́. Èmi parọ́ níbí, ìwọ parọ́ lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó rán wa níṣẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń rìn káàkiri inú ilé tí mo ń dá rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ bá dókítà, mo ní ẹnì kan ládùúgbò wa ló rán mi pé kí n béèrè: tí ọmọ kò bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n wá ka tirẹ̀ mọ́ ti bàbá, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ó wò mí lójú. Ó ní ó lè ṣi àwọn lọ́nà, kí àwọn máa wá àṣìkọ náà níbi tí kò sí, ohun tó kù nínú ìda náà kò sì tó fún ìwákúwàá. Ó ní ọmọ yẹn náà á máa fi ẹ̀rù tí kì í ṣe tirẹ̀ sùn. Ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé kí òun fa igi lé orúkọ náà lórí fọ́ọ̀mù. Mo ní kó má gbé bírò rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ní kí n sọ ọ́ fún òun nígbà náà, kí òun kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀. Mo la ẹnu, ikọ́ ló jáde. Mo tún un là, ikọ́ náà ni. Ẹnu mi ò gbé e, Olómi.

Nítorí náà, ìwọ ni màá bẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ, sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ kì í ṣe tèmi. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, má tún un sọ. Mo fẹ́ oògùn yẹn, mo fẹ́ pẹ́ láyé díẹ̀ sí i, mo fẹ́ rí ọ. Láti kékeré rẹ ni mo ti máa ń wò ọ́ tí o bá sùn, bóyá màá rí etí mi lára rẹ, tàbí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi kan, kí n lè fi hàn wọ́n. Mi ò rí i rí, ó sì dùn mí fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ yìí ni mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò sí níbẹ̀.

Ìyá rẹ ti lọ láti ọdún mẹ́fà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju jẹjẹrẹ yìí lọ ni pé tí o bá ti sọ ọ́ jáde lẹ́nu tán, kí ló kù tó so èmi àti ìwọ pọ̀? Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ń bà mí lẹ́rù, mo sì ní kí n sọ fún ọ.

Tí owó díẹ̀ bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́. Kì í ṣe fún ọsibítù. Gọ́ọ̀mù ti tán ní ṣọ́ọ̀bù, nọ́ọ̀sì sì ní bẹ́ǹṣì mẹ́ta mìíràn wà tó ń mì. Ọlọ́run á bá mi tọ́jú rẹ. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n, oúnjẹ rẹ kò ní korò, ilé tí o bá kọ́ ò ní ṣófo. Tí o bá bímọ, màá wà níbẹ̀ láti fi ọ̀bẹ sàmì sí férémù.

Ohun kan ló kù. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n abẹ, òkúta náà á kígbe bó ṣe máa ń ṣe. Má jẹ́ kí ẹlòmíràn bu omi sí i.

Èmi ni,
Bàbá Olómi